Abẹ Inú Ọ̀fun: Ìtàn Bẹ́lúbẹ́lú Gígé

Ní kí ọmọdé la ẹnu gbàgà, kí o tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹran mẹ́ta ni wàá rí lẹ́yìn ahọ́n rẹ̀. Ọ̀kan rọ̀ dirodiro láti òkè ẹnu, ó sì ń sún sókè bí ọmọ náà bá ti ń sọ pé "àà". Méjì yòókù fara ti ògiri ọ̀fun lọ́tùn-ún lósì, ihò wẹ́wẹ́ sì kún ara wọn. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ Yorùbá, bẹ́lúbẹ́lú ni gbogbo wọn. Bí èyíkéyìí nínú wọn bá wú, bẹ́lúbẹ́lú náà la ó ní ó ń ṣe ọmọ.

Àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun kì í dà wọ́n pọ̀. Tọ́ńsìlì ni wọ́n ń pe àwọn méjì ẹ̀gbẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n: wọ́n wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ pàdé kòkòrò àrùn tó bá bá oúnjẹ tàbí afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn ló sì ń kọ́ ara bí yóò ṣe bá a jà. Èyí tó rọ̀ láàárín kì í ṣe tọ́ńsìlì rárá. Tirẹ̀ ni pé ó ń bá òkè ẹnu dí ọ̀nà imú nígbà tí a bá ń gbé oúnjẹ mì. Mo bẹ òǹkàwé kó fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti gé ẹran àárín yìí fún láìṣẹ̀ láìrò.

Tọ́ńsìlì yíyọ wà lára iṣẹ́ tí dókítà ọ̀fun ń ṣe jù lágbàáyé, ó sì ti gbó. Celsus ará Róòmù kọ nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún kìíní lẹ́yìn ikú Olúwa wa. Ó ní kí oníṣègùn fi ìka họ ìdí rẹ̀ yíká, kó sì fà á tu. Bí kò bá gbà, kó fi ìwọ̀ kọ́ ọ, kó fi ọ̀bẹ gé e, kó wá fi ọtí kíkan fọ ojú egbò. Kò sí oògùn oorun nígbà náà. Ní ọ̀rúndún keje, Paulu ará Aegina, oníṣègùn Gíríìkì kan, ṣe àlàyé tó kún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí aláìsàn jókòó sínú oòrùn kí ìmọ́lẹ̀ lè wọ ọ̀fun rẹ̀, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú, kí ẹlòmíràn tẹ ahọ́n rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí oníṣègùn tó fi ìwọ̀ fa kókó náà síta gé. Láti ìgbà náà títí di òní, ìṣòro iṣẹ́ yìí kò yí padà: ibẹ̀ ṣókùnkùn, ibẹ̀ há, ẹ̀jẹ̀ sì pọ̀ níbẹ̀.

Ìbẹ̀rù ẹ̀jẹ̀ yìí ló mú kí Philip Syng Physick, oníṣẹ́ abẹ ní Philadelphia, gbé irin tuntun kan jáde ní 1828. Irin kan tí wọ́n fi ń gé ẹran àárín ló tún ṣe. Ó ní òrùka lẹ́nu. Oníṣègùn á ti òrùka náà bọ tọ́ńsìlì lórí, á ti ọ̀bẹ inú rẹ̀ síwájú, á sì ti gé e kí ọmọ tó ráyè ké. Morell Mackenzie, dókítà ọ̀fun tó gbajúmọ̀ jù ní London láyé ọjọ́un, mú irin yìí, ó tún un ṣe, ó sì sọ ọ́ di ohun tí gbogbo dókítà ń lò. Òun náà ló dá ilé ìwòsàn ọ̀fun sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1863. Iṣẹ́ tirẹ̀ ì bá má rọrùn tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe ti Manuel García, ọmọ Sípéènì tó ń kọ́ni ní orin kíkọ. Ní 1854, García fi dígí kékeré bí èyí tí àwọn oníṣègùn eyín ń lò sí ẹ̀yìn ọ̀fun ara rẹ̀, ó fi dígí kejì tan oòrùn sí i, ó sì rí bí okùn ohùn rẹ̀ ṣe ń ṣí tó ń pa dé. Kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn dókítà ti kọ́ bí a ṣe ń wo ìsàlẹ̀ ọ̀fun.

Ní 1868, Wilhelm Meyer ní Copenhagen ṣàlàyé ẹran mìíràn tó fara pamọ́ sẹ́yìn imú, lókè ibi tí ojú ń rí. Bí ẹran yìí bá wú, ẹnu ni ọmọ á máa fi mí tọ̀sán-tòru, á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tí òtútù mú, etí rẹ̀ sì lè di. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń yọ òun àti tọ́ńsìlì pa pọ̀.

Irin olórùka kì í gé e tán, nítorí náà gbòǹgbò tó ṣẹ́ kù a máa tún hù. Bí oògùn oorun ti délé, ìkánjú dópin. Ní 1909, George Waugh ní London kọ̀wé lórí bí ó ṣe ń tú gbogbo tọ́ńsìlì kúrò nínú àpò rẹ̀ ní sùúrù. Ní 1917, Samuel Crowe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà jábọ̀ lórí 1,000 aláìsàn tí wọ́n ṣe é fún.

Ibi tí ó ti wá rọrùn yìí gan-an ni ọ̀ràn ti wọ́. Àwọn dókítà kan ní ìgbà náà gbà pé ìdọ̀tí inú tọ́ńsìlì ló ń ṣàn lọ ba oríkèé, kíndìnrín àti ọkàn jẹ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí nǹkan kan kò ṣe nìyẹn, kí àìsàn má baà dé. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 1934, wọ́n yẹ 1,000 ọmọ ilé ìwé wò ní New York. Wọ́n ti yọ ti 611 nínú wọn. Wọ́n ní kí dókítà wo 389 tó kù. Ó ní kí wọ́n yọ ti 174. Wọ́n kó 215 tó ní wọn kò nílò rẹ̀ lọ bá dókítà mìíràn. Ìyẹn mú 99. Wọ́n kó ìyókù lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Òun náà mú 51. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ, 65 péré ni kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gé nǹkan kan lára wọn. Mo ti ka iye yìí tó ìgbà mélòó kan, ó ṣì ń dùn mí. Lójú tèmi, kì í ṣe ọ̀fun ni àwọn dókítà náà ń wò. Ohun tí wọ́n ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ní England, dókítà kan, J. Alison Glover, rí irú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1938. Ní Hornsey, ní àríwá London, wọ́n yọ tọ́ńsìlì fún ọmọ ilé ìwé 186 ní 1928. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, 12 ni. Àrùn ọ̀fun kò kásẹ̀ nílẹ̀ láàárín ọdún kan. Dókítà tó ń bójú tó àwọn ilé ìwé ni wọ́n pààrọ̀. Síbẹ̀ náà, iṣẹ́ yìí kò dín kù kíákíá. Ní Amẹ́ríkà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.4 ni wọ́n ṣe ní ọdún 1959 nìkan.

Ibi tí mo ti ń wo ilé nìyí. Nílẹ̀ Hausa, wánzámì tó ń fá orí tó sì ń dá abẹ́ ló máa ń fi irin tó tẹ̀ bí dòjé gé ẹran àárín fún ìkókó, lọ́pọ̀ ìgbà ní ọjọ́ keje tí wọ́n bá ń sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn kan ń ṣe é nílẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú. Èrò wọn ni pé bí wọn kò bá tètè gé e, yóò wú, yóò sì fún ọmọ lọ́rùn, tàbí ikọ́ kò ní fi í sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dà títí tí ọmọ á fi di aláìlẹ́jẹ̀ lára, àrùn ipá sì lè gba ojú egbò wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. T. A. Ìjàdùọlá, àgbà dókítà ọ̀fun, kọ̀wé lórí ọ̀ràn yìí ní 1981. Àwọn kan á ní àìmọ̀kan ló ń ṣe wánzámì. N kò lè gba ìyẹn bẹ́ẹ̀. Èrò kan náà tó wà lọ́kàn àwọn ọlọ́gbọ́n ní New York ló wà lọ́kàn rẹ̀: kí a gé e kó tó di wàhálà. Ìyàtọ̀ ni pé àwọn tọ̀hún ṣe àkọsílẹ̀, wọ́n kà á, wọ́n sì rí àṣìṣe ara wọn.

Ohun púpọ̀ ló fa àwọn dókítà òyìnbó yìí sẹ́yìn. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wà níta. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ tọ́ńsìlì rẹ̀ lè tètè kó irú èyí tó ń pa èémí àti ọ̀nà ọ̀fun. Pẹnisílíìnì dé, ó ń wo ọ̀fun tó ń gba abẹ tẹ́lẹ̀. Ní 1984, Jack Paradise àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh gbé ìwádìí wọn jáde. Ọmọ tí ọ̀fun dùn gan-an lẹ́ẹ̀méje láàárín ọdún kan, tàbí lẹ́ẹ̀márùn-ún lọ́dún fún ọdún méjì, tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún fún ọdún mẹ́ta, ni wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé abẹ náà ṣe wọ́n láǹfààní. Òṣùwọ̀n yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà ṣì ń tẹ̀ lé. Lóde òní, oorun ló ń gbé ọ̀pọ̀ ọmọ wá: tọ́ńsìlì wọn tóbi débi pé wọ́n ń han-run bí àgbàlagbà, èémí á sẹ́ díẹ̀, wọ́n á sì ta jí.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n á fi ìrọ̀rí sábẹ́ èjìká ọmọ kí orí rẹ̀ lè tẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ̀jẹ̀ má baà ṣàn sí ẹ̀dọ̀fóró. Wọ́n á fi irin la ẹnu rẹ̀, wọ́n á tú tọ́ńsìlì, wọ́n á sì fi iná mànàmáná tàbí okùn pa ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan lọ. Lẹ́yìn náà, nǹkan funfun á bo ojú egbò. Ìyá á rò pé ó ti kẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́, èépá inú ẹnu nìyẹn. Etí á máa ro ọmọ, nítorí iṣan ara kan náà ló ń gbé ìrora etí àti ti ọ̀fun.

Ẹ̀jẹ̀ lè dà lọ́jọ́ kìíní. Ó sì tún lè dà láàárín ọjọ́ karùn-ún sí ìkẹwàá, nígbà tí èépá bá ń ṣí, tí ọmọ ti ń ṣeré kiri inú ilé. Ọmọ tó sùn kì í tu ẹ̀jẹ̀ síta, ńṣe ló máa ń gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ fi máa ń dúró ti ibùsùn lóru, tí yóò tan iná díẹ̀ sí ọrùn ọmọ, tí yóò máa wò ó bóyá ó ń gbé itọ́ mì léraléra nínú oorun.