KATAKATA ÀTIJỌ́ NÍ ILẸ̀ BORNO: Ọwọ́ Tó Mọ Irin Ni Í Jí I

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, àṣà wa ni láti ka orúkọ àwọn baba tó kọ́kọ́ dé ìlú yìí, àwọn olóyè wa, àti àwọn tó fi owó sílẹ̀ kí iṣẹ́ ẹgbẹ́ lè tẹ̀ síwájú. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn àwa ọmọ Yorùbá ní Maiduguri kò pin sí orí oyè àti ilé ìpàdé. Apá kan rẹ̀ wà lábẹ́ igi dongoyaro, níbi tí àwọn mẹkáníìkì àti wẹ́dà ti ń fi sípánà àti hámà wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Ìtàn irin ni. Nínú irin náà, katakata àgbẹ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní tirakitọ, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá èyí tó ti gbó, tí gbogbo ènìyàn ti rò pé ó ti kú.

BÍ A ṢE DÉ ÌHÍN

Ní ọdún 1907 ni ìjọba òyìnbó fi Maiduguri ṣe ibùdó, ọdún kan náà sì ni Shehu Bukar Garbai kó ààfin rẹ̀ láti Kukawa wá sí Yerwa. Àwọn ènìyàn wa tẹ̀ lé òwò àti iṣẹ́ ìjọba wá síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin ni ó sọ ọ̀nà jíjìn di nítòsí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na irin rélùwéè láti Kuru lẹ́bàá Jos ní ọdún 1958. Ó gba Bauchi àti Gombe kọjá, ó sì wọ Maiduguri ní ọdún 1964, ìrìn nǹkan bíi 640 kìlómítà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wọkọ̀ ní Ìbàdàn, Òṣogbo tàbí Ọ̀ffà lè gba Kaduna àti Kafanchan títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ ní Maiduguri, láìfi ẹsẹ̀ kan mọ́tò rárá. Oníṣòwò wá, olùkọ́ wá, télọ̀ wá, ayàwòrán wá. Mẹkáníìkì náà kò gbẹ́yìn. Ibi tí ọ̀nà bá ti jìn, tí iyanrìn sì pọ̀, mẹkáníìkì kì í wá iṣẹ́ tì.

IBI TÍ KATAKATA TI ṢẸ̀ WÁ

Bí a bá ń sọ ìtàn katakata, a kò lè ṣe kí a má dárúkọ Harry Ferguson, ọmọ àgbẹ̀ ará Ireland tí a bí ní ọdún 1884. Ṣáájú rẹ̀, ńṣe ni katakata ń wọ́ ohun ìtúlẹ̀ lẹ́yìn bí ẹṣin ti ń wọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ohun ìtúlẹ̀ bá kọ́ gbòǹgbò, orí katakata a gbéra sókè, òun fúnra rẹ̀ a sì yí dà lé awakọ̀ lórí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti ibẹ̀ kú. Ferguson wá so ohun ìtúlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn katakata ní ojú mẹ́ta, ó sì fi agbára ọ́ìlì ṣe ọwọ́ tí ń gbé e sókè tí ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Láti ọdún 1946 sí 1956, iye tó lé ní 500,000 irú katakata kékeré rẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ eérú, ni wọ́n ṣe ní Coventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1953, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ àti Massey-Harris di ọ̀kan. Láti ibẹ̀ ni orúkọ Massey Ferguson ti wá, orúkọ tí àwọn awakọ̀ wa gé kúrú sí Massey.

Ní ìparí ọdún 1964 ni Massey 135 jáde. Èyí tí ń jẹ epo dísù nínú wọn gba ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́ta. Kò ní kọ̀ǹpútà kankan nínú. Kò sí ìdí kan nínú rẹ̀ tí sípánà àti ọwọ́ ọlọ́gbọ́n kò lè dé. Lẹ́yìn tí wọ́n ti dẹ́kun rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣì ń ṣe irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Pakistan, nítorí náà páátì rẹ̀ kò tíì tán láyé. Ìdí nìyí tí katakata tó ti lé ní àádọ́ta ọdún fi lè padà sí oko, nígbà tí ọkọ̀ tí a ṣe ní àná ń jókòó nítorí wáyà kan ṣoṣo.

Ẹ̀KỌ́ MOKWA

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé katakata dé ilẹ̀ wa, oúnjẹ sì pọ̀ lójijì. Ní ọdún 1949, ìjọba amúnisìn dá oko ńlá sílẹ̀ ní Mokwa, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Niger lónìí. Katakata ni wọ́n fẹ́ fi ro ó, ẹ̀pà sì wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ gbìn níbẹ̀. Kùkùté àti gbòǹgbò bá ohun ìtúlẹ̀ jagun. Iye tí wọ́n ń ná sórí ṣíṣán igbó àti títún ẹ̀rọ ṣe ju ohun tí oko ń mú wọlé lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1954, wọ́n ti pa á tì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oko ẹ̀pà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Tanganyika láàárín ọdún 1947 sí 1951 kò yàtọ̀, àfi pé ti ibẹ̀ tóbi jù.

Nílé lọ́hùn-ún, ní ọdún 1959, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá abúlé àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé, Olóyè Akin Deko sì ni mínísítà ètò ọ̀gbìn tí a fi ń rántí ètò náà. Ilẹ̀ Israẹli ni wọ́n ti wo àpẹẹrẹ rẹ̀. Bákan náà ni àwọn ìjọba káàkiri orílẹ̀-èdè yìí dá ẹ̀ka tí ń yá àgbẹ̀ ní katakata sílẹ̀. Ètò náà dára, ṣùgbọ́n àrùn kan náà ló ń bá gbogbo wọn jà. Owó wà láti ra katakata tuntun, kò sí owó fún fìlítà, kò sí páátì nínú sítóò, awakọ̀ kò sì mọ̀ ju pé kí ó yí kíì lọ. Katakata tó yẹ kí ó lo ogún ọdún, ọdún mélòó kan ni yóò lò, koríko á bò ó mọ́lẹ̀.

ADÁGÚN CHAD ÀTI ILẸ̀ FIRKI

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Borno níbí. Ẹni tó bá ti rìn dé ọ̀nà Marte mọ ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń pè ní firki. Bí òjò bá rọ̀, a lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ bí ọ̀dà. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, a le bí òkúta, a sì sán gàǹgà. Àwọn àgbẹ̀ Kanuri ti mọ ọgbọ́n rẹ̀ láti ayébáyé. Wọ́n á dúró di ìgbà tí omi bá ń fà, wọ́n á fi igi dá ihò, wọ́n á sì lọ́ ọkà masakwa sínú rẹ̀, ọ̀rinrin ilẹ̀ nìkan ni yóò sì fi dàgbà.

Ní ọdún 1973 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ tí ń mójú tó agbègbè Adágún Chad sílẹ̀. Àjọ náà fẹ́ fa omi adágún wọ ilẹ̀ tó tó 67,000 hẹ́kítà, New Marte sì ni ibùdó iṣẹ́ náà. Àlìkámà àti ìrẹsì ni ìrètí wọn. Èyí bọ́ sí àsìkò ètò Operation Feed the Nation ti ọdún 1976 àti Green Revolution ti ọdún 1980. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ilé-iṣẹ́ Steyr ní Bauchi bẹ̀rẹ̀ sí í to katakata àti ọkọ̀ ẹrù pọ̀. Ìgbà yẹn dùn fún ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ṣùgbọ́n adágún ń sá lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó fẹ̀ tó nǹkan bíi 25,000 kìlómítà níbùú lóròó. Lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún 1972 sí 1974 àti ti ọdún 1983 sí 1984, ó ti sún jìnnà sí ẹnu ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́. Pọ́ńpù wà, omi kò sí. Oko gbẹ, ẹ̀rọ sì jókòó.

ÌGBÀ TÍ PÁÁTÌ DI WÚRÀ

Kí a tó jáde nínú ìyẹn, ọdún 1986 dé pẹ̀lú ètò SAP. Ní ọdún 1985, náírà kan lágbára ju dọ́là Amẹ́ríkà kan lọ. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1987, ó lé ní náírà mẹ́rin kí a tó rí dọ́là kan. Ẹni tó bá ń ra písítìn láti òkè òkun mọ ohun tí ìyẹn já sí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ dáwọ́ dúró, ọ̀pọ̀ katakata sì di ohun tí wọ́n ń tú páátì lára rẹ̀ fún òmíràn.

Ìgbà yẹn gan-an ni iye ọ̀gá mẹkáníìkì hàn. Nígbà tí tuntun kò ṣeé rà mọ́, ẹni tó lè jí ògbólógbòó di ẹni tí gbogbo àgbẹ̀ ń wá kiri.

BÍ WỌ́N ṢE Ń JÍ I

Ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Bí ọ̀gá tó mọṣẹ́ bá dé ìdí katakata tó ti jókòó lọ́dún mẹ́wàá, kì í fọwọ́ kan kíì. Yóò kọ́kọ́ wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀, nítorí láìsí nọ́ńbà náà, páátì tí kò bá a mu ni yóò rà. Lẹ́yìn náà, yóò tú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ wò. Bí ó bá dúdú, ó sàn. Bí ó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹni tó bá sì yí kíì sí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa á.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti há, yóò yọ nọ́sù, yóò da epo díẹ̀ sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀, síwájú, sẹ́yìn. Sùúrù ni oògùn rẹ̀. Ẹni tó bá fi katakata mìíràn wọ́ ọ pẹ̀lú ipá lè ṣẹ́ irin tí owó rẹ̀ ju ti gbogbo iṣẹ́ náà lọ.

Ohun tí ń pa katakata jù ní Borno yìí kì í ṣe iṣẹ́, eruku ni. Massey àtijọ́ ní agolo kan tí ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ ní láti gba inú rẹ̀ kọjá kí ó tó wọ ẹ́ńjìnnì, kí iyanrìn lè rì sílẹ̀ níbẹ̀. Bí a kò bá fọ agolo yìí, tí a kò sì pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, iyanrìn yóò di ọlọ nínú ẹ́ńjìnnì, yóò sì máa lọ písítìn àti rìǹgì. Owó ọ́ìlì agolo kan nìkan ni àwọn ìjọba kò ná, tí wọ́n fi pàdánù odidi ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yí, yóò fọ táńkì epo, yóò pààrọ̀ fìlítà, yóò sì fi ọwọ́ pọ́ńpù epo títí ìfóófó yóò fi tán, nítorí ẹ́ńjìnnì dísù kì í jí bí afẹ́fẹ́ bá wà nínú páìpù rẹ̀. Ó kan rédíétọ̀, kílọ́ọ̀ṣì, bíréèkì àti ọwọ́ ẹ̀yìn tí ń gbé ohun ìtúlẹ̀. Ọ̀dà ni ìkẹyìn. Katakata tí a kùn lọ́dà kí a tó tún inú rẹ̀ ṣe, òkú tí a wọ̀ láṣọ àrán ni.

OGUN ÀTI OMI

Ohun tí ojú wa rí ní ìlú yìí láti ọdún 2009 kò ṣeé fẹnu sọ tán. Ní ọdún 2014, àwọn ajagun Boko Haram gba Marte. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, wọ́n wọ Baga, wọ́n sì ṣe é bí ọṣẹ́ ti í ṣe ojú. Àgbẹ̀ sá fi oko sílẹ̀, ẹ̀rọ sì kú síbẹ̀. Nínú àwọn ọmọ wa, ọ̀pọ̀ ló padà sílé, àwọn mìíràn dúró. Ní ìparí ọdún 2021, ìjọba Ìpínlẹ̀ Borno ti àwọn àgọ́ ìjọba tí àwọn asásàálà wà ní Maiduguri, oko sì tún di ohun tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn gbójú lé. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Alau já, omi sì bo apá ńlá nínú ìlú wa mọ́lẹ̀, ilé, ọjà, mọ́tò àti ẹ̀rọ.

Lẹ́yìn irú àjálù bẹ́ẹ̀, àwọn tí ń ra irin àlòkù kì í pẹ́ dé. Ìwọ̀n irin ni wọ́n ń san owó rẹ̀, wọn kì í san owó ohun tí irin náà lè ṣe. Katakata tí sílíńdà rẹ̀ ṣì dára yóò wọ inú iná ìyọ́rin pẹ̀lú agolo tòmátò, iye kan náà ni kìlógírààmù wọn. Àgbẹ̀ tó tà á kò ní rí òmíràn rà, ọwọ́ àti ọkọ́ ni yóò padà sí.

Ẹ̀YIN ARÁ WA

Ohun tí ìtàn yìí fi yé wa kò ju ọ̀kan lọ. Láti Mokwa títí dé New Marte, owó kò wọ́n láti ra irin, òye àti ìtọ́jú ló wọ́n. Katakata kì í kú nítorí ọjọ́ orí rẹ̀. Ìgbà tí ọwọ́ tó mọ̀ ọ́n bá kúrò nílùú ni ó ń kú. Àwọn ọwọ́ náà sì ń dàgbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń fi etí lásán mọ àrùn ẹ́ńjìnnì ti di arúgbó, àwọn kan ti lọ, ọmọ iṣẹ́ tó ń gba fírídọ́ọ̀mù lọ́wọ́ wọn kò sì pọ̀ bí ti àtijọ́ mọ́. Àwọn òbí ń sọ pé ìdọ̀tí ni iṣẹ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo Ọ̀jọ̀gbọ́n Babagana Umara Zulum, tó di gómìnà Borno ní ọdún 2019: ìmọ̀ ẹ̀rọ nípa omi oko ni ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Maiduguri. Iṣẹ́ oko àti irin kò ba orúkọ ẹnikẹ́ni jẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní katakata, jẹnẹrétọ̀ tàbí ẹ̀rọ ọlọ tó ti dákẹ́, ẹ pe ọ̀gá kan wò ó kí ẹ tó pe onírin àlòkù. Bí ẹ bá ní ọmọ tí ń bá irin ṣeré, ẹ má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi í sọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ó sì tún lọ sí Ramat Polytechnic tàbí yunifásítì, kí ọgbọ́n ọwọ́ àti ọgbọ́n ìwé lè pàdé lára ẹnì kan. Kí ẹ̀yin ọ̀gá náà jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa kọ ohun tí ẹ mọ̀ sínú ìwé, nọ́ńbà páátì àti àrùn tí ẹ ti wò sàn, kí ó má ṣe bá yín lọ.

Gbogbo wa ni a ń dá owó kí ohun tí ẹgbẹ́ ń kọ́ lè dúró. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ní Maiduguri tiwa yìí, òun náà ni yóò gbé katakata baba rẹ̀ lé òṣùwọ̀n onírin àlòkù.