Iná Inú Ọkàn àti Ẹ̀rọ Tí Ń Kà Á
Bí iná mànàmáná bá lọ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, iná kan wà tí kì í lọ: èyí tí ń mú ọkàn alààyè lù. Nígbà tí ó bá fi dé awọ ara, ó ti kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan fi lágbára jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po ẹgbẹ̀rún.

Ẹ̀rọ tí Willem Einthoven ará Họ́láńdì fi ń kà á ní 1905 wúwo tó nǹkan bí 270 kílò. Ènìyàn márùn-ún ní í tọ́jú rẹ̀. Kò ṣeé gbé lọ bá aláìsàn. Wáyà tẹlifóònù ni wọ́n fi gbé iná ọkàn láti ọsibítù wá bá a. Bí ẹ̀rọ ṣe ń jẹ iná tó ni ó ṣe ń jìnnà sí aláìsàn tó. Ní 1947, Norman Holter ní Amẹ́ríkà pọn tirẹ̀ sẹ́yìn, ẹrù bí 38 kílò! Transistor tí a kọ́kọ́ ṣe lọ́dún kan náà ni ó wá sọ ẹrù yìí kalẹ̀, nítorí ìwọ̀nba iná ni ó ń jẹ.

Arthur Zang ará Kamẹrúùnù gba ẹ̀bùn Royal Academy of Engineering ti Lọ́ńdọ̀nù ní 2016 fún Cardiopad, ẹ̀rọ alábátìrì tí nọ́ọ̀sì ìletò lè fi ka ọkàn, kí ó sì fi àbájáde rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà ìlú ńlá. Kì í wo àrùn sàn, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí irú rẹ̀ bá wà, àgbẹ̀ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí àyà ń dùn kò ní láti dúró de iná, tàbí ọkọ̀ Iléṣà, kí a tó mọ ohun tí ń ṣe é.