Gbígbé ní Ìlú Benin: Èrè àti Ìnira Tó Wà Níbẹ̀ fún Ọmọ Yorùbá

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ará ilé máa ń bi àwa tí a wà ní Benin nígbàkígbà tí a bá lọ sílé ṣọdún: "Ṣé ibẹ̀ ṣeé gbé?" Ó ṣeé gbé. A ń ṣòwò níbẹ̀, a ń kọ́lé, a ń fẹ́yàwó, a ń bímọ. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ kó tó di ẹrù rẹ̀, tó sì yẹ kí àwa tí a ti pẹ́ níbí má gbàgbé.

Èrè tó wà níbẹ̀

Ọjà la máa kọ́kọ́ sọ. Oríta ni Benin jẹ́. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó gba Òrè wọlé. Ẹni tó ń lọ sí Asaba àti Onitsha, ẹni tó ń lọ sí Sapele àti Warri, ẹni tó fẹ́ gba Auchi lọ sí Abuja, ibí ni wọ́n ń gbà kọjá. Ìdí nìyẹn tí ọjà tí a bá kó wá láti Èkó kì í fi í pẹ́ lọ́wọ́ wa ní Ọjà Ọba lẹ́bàá Ring Road, ní New Benin àti ní Uselu. Yunifásítì Benin tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970 tún wà ní Ugbowo, akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ń jẹun, wọ́n ń wọṣọ.

Èkejì, àṣà wa ò jìnnà síra. Wọ́n ń bọlá fún Ọba àti àgbà bíi tiwa. Ògún àti Olókun tí a mọ̀ nílé, wọ́n mọ̀ wọ́n níbí. Títí di oṣù kẹjọ ọdún 1963 tí wọ́n yọ Mid-West kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn ni olú-ìlú àwa àtàwọn. Ẹni tó bá lè kí wọn ní "kóyo", tó sì lè fi "uruese" dúpẹ́, á rí i pé ojú wọn á tutù sí i.

Ìwé ọmọ ìbílẹ̀

Ìnira tó tóbi jù nìyí. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ ní abala 41 pé ọmọ Nàìjíríà lè gbé níbikíbi, abala 42 ní kí wọ́n má fi ẹ̀yà yà á sọ́tọ̀, abala 43 ní ó lè ní ilé àti ilẹ̀ níbikíbi. Ó dára. Ṣùgbọ́n abala 318 ní ẹni tí bàbá, ìyá, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn jẹ́ ara àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ kan ló jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà. Iye ọdún tí o ti gbé níbẹ̀ kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ọmọ kan wà láàárín wa, ibí ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀ pàápàá. Ó fẹ́ gba owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́, wọ́n ní kó mú ìwé ọmọ ìbílẹ̀ wá. Níbí, wọ́n gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kó lọ sí ìlú bàbá rẹ̀. Nígbà tó délé, akọ̀wé bi í pé, "Agboolé wo? Ta ni baálé yín?" Kò mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n tó rí ẹni tó jẹ́rìí sí i, ọjọ́ ti kọjá.

Ó kan ilé ìwé náà. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ló wà fún ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n pín mọ́ yunifásítì náà, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ wọn ṣì wà lẹ́yìn. Ìpínlẹ̀ tí ọmọ ti wá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe àdúgbò tó ń gbé.

Kí ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ọmọ Ẹ̀dó sílé má gbàgbé pé abala 318 yẹn ka ìyá mọ́ ọn. Ọmọ yín ní ẹ̀tọ́ níbí láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Ilẹ̀ àti ilé

Àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò tí wọ́n ń pè ní CDA fojú wa rí nǹkan nígbà kan. Wọ́n á gba owó "deve" kí o tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, wọ́n sì lè ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta. Ní 2017, ìjọba Ẹ̀dó ṣòfin láti dáàbò bo ohun ìní ẹni, Ọba Ewuare Kejì náà sì ní kí CDA kógbá wọlé ní Benin. Síbẹ̀, ẹ mú lọ́yà àti sàfeyọ̀ dání.

Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé olóògbé, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá Igiogbe ni. Igiogbe ni ilé tí bàbá gbé títí ó fi kú. Ní àṣà Benin, àkọ́bí ọkùnrin ló ni ín lẹ́yìn tó bá ti ṣe òkú tán. Bí àwọn àbúrò bá tà á fún yín láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, owó yín wọ omi. Ẹ sì lọ wo ilẹ̀ náà lásìkò òjò. Òjò Benin kì í ṣe kékeré, ọ̀gbàrá ti gbé ilé lọ níbí.

Ẹnu àti ìtàn

Nílé, a gbọ́ pé Ọ̀rànmíyàn ọmọ Odùduwà ló bí Eweka. Níbí, wọ́n gbà pé ọmọ Ọba Benin tó ń jẹ́ Ekaladerhan ni Odùduwà fúnra rẹ̀. A kì í jiyàn ìtàn yìí nínú ọjà tí a ti ń tajà. Kí a má sì pe olórí ẹgbẹ́ wa ní Ọba. Ọba kan ṣoṣo ló wà ní Benin.

Ohun tí a lè ṣe

Kí olúkúlùkù wa mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé kó tó pé ọdún méjìdínlógún, kí baálé rí ojú rẹ̀, kó sì gba ìwé rẹ̀ nígbà tí kò sí ìkánjú. Kí ọmọ mọ orúkọ agboolé àti oríkì rẹ̀. Kí a máa sọ Yorùbá sí wọn nínú ilé, torí ní ìta, Ẹ̀dó àti pijin ni wọ́n ń gbọ́. Kí ẹgbẹ́ sì kọ orúkọ àwọn ọmọ wa àti ìlú bàbá wọn sínú ìwé kan, kó lè rọrùn láti jẹ́rìí fún wọn.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwa mìíràn lè má padà lọ gbé ilé mọ́, kò burú. Àmọ́ kí ọ̀nà ilé má dí mọ́ àwọn ọmọ wa lójú.