Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Kọ́ láti Kọ "Ìjẹ̀bú": Ìtàn Àmì Ohùn àti Àmì Abẹ́ Lẹ́tà Lórí Ẹ̀rọ Ayárabíàṣá

Ìfáàrà

Lẹ́tà mẹ́jọ ni ó para pọ̀ di orúkọ ìlú Ìjẹ̀bú-Òde. Nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò ẹ̀rọ táípù ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ilé ìtẹ̀wé kéékèèké ilẹ̀ Yorùbá ní àwọn ọdún 1990, méje nínú lẹ́tà mẹ́jọ yìí ni ẹ̀rọ náà lè kọ láìsí wàhálà. Lẹ́tà kẹta nìkan ni ó dá ẹ̀rọ dúró, nítorí pé àmì wà lórí rẹ̀, àmì sì tún wà lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo yìí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn lo ọdún púpọ̀ láti tún inú ẹ̀rọ tò kí ó lè gbọ́ èdè Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Igba, igbá, ìgbà àti ìgbá kò jọ ara wọn ní ìtumọ̀ rárá, àmì ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá ilé ẹ̀kọ́ gíga fún àwọn olùkọ́ni sílẹ̀ ní ọdún 1978, èyí tí wọ́n fi orúkọ Táì Ṣólàárín pè lẹ́yìn náà, tí ó sì bí yunifásítì ẹ̀kọ́ ti Ìjagun ní ọdún 2005, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ jẹ́ ara ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe kí ó tó gboyè. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba oríkì ìdílé tàbí orin Agẹmọ sílẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà, tí àgbàlagbà náà sì papò dà, ìwé akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tí ó kù. Bí àmì bá ti sọnù nínú rẹ̀, ìtumọ̀ ti bá a lọ.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé

Láti ìgbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn míṣọ́nnárì ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣètò bí wọn yóò ṣe kọ Yorùbá sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àmì ti wà nílẹ̀. Àbá Lepsius, ọmọ Jámánì, tí ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1855, wà lára ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò, ìpàdé kan sì wáyé ní Èkó ní ọdún 1875 lórí àkọtọ́. Ilé ìtẹ̀wé ìgbà náà, irú èyí tí Henry Townsend fi tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1859, ń lo lẹ́tà onírin. Ẹni tí ó bá ń fẹ́ ẹ, ṣ tàbí ọ kò ní ju kí ó ní irin rẹ̀ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́, ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán ni wọ́n ń fi sí abẹ́ lẹ́tà. Àwọn atẹ̀wé kan kò tíì fi àṣà yìí sílẹ̀.

Ẹ̀rọ táípù ni ó kọ́kọ́ mú ìṣòro wá. Bọ́tìnnì èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbé wá láti òkè òkun. Atẹ̀wé yóò tẹ "o", yóò dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, yóò sì fi ìlà gbọọrọ sí abẹ́ rẹ̀. Ní ti àmì ohùn, yóò dúró títí iṣẹ́ yóò fi parí, lẹ́yìn náà ni òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ yóò mú báírò, yóò sì máa fi àmì sí i láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Lẹ́yìn ìròyìn ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ọdún 1966 àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974, àwọn olùkọ́ ń béèrè fún àmì tí ó pé pérépéré, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò tíì gbà.

Fọ́ńtì tí ń parọ́

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ni ó mọ̀. Ìlànà ASCII tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ ní ọdún 1963 ní àyè 128 péré, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sì rò mọ́ ọn. Windows sọ àyè náà di 256 fún àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù. Nítorí irú àwọn èdè bẹ́ẹ̀ ni à, é, ì, ò àti ú ṣe wọlé, ìyẹn ni ó sì jẹ́ kí lẹ́tà méje nínú Ìjẹ̀bú-Òde ṣe é kọ. Ẹ, ọ àti ṣ kò rí àyè.

Ohun tí àwọn tí ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ wá ṣe ni pé wọ́n ya fọ́ńtì tuntun. Wọn yóò mú àmì kan tí Yorùbá kò nílò, wọn yóò pa àwòrán rẹ̀ rẹ́, wọn yóò sì ya ẹ̀ sí ojú àyè rẹ̀. Lójú, ó dára. Nínú ikùn ẹ̀rọ, nọ́ńbà àmì àtijọ́ yẹn ṣì ni. Bí wọ́n bá gbé dísíkẹ́ẹ̀tì náà dé orí ẹ̀rọ mìíràn tí kò ní fọ́ńtì yẹn, orúkọ ìlú yóò di wúruwùru. Olúkúlùkù ayàfọ́ńtì sì ní àyè tirẹ̀ tí ó yàn, kò sí àdéhùn láàrin wọn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá wọn lẹ́bi púpọ̀, nítorí pé láìsí wọn ọ̀pọ̀ ìwé ìgbà náà kì bá tí ní àmì kankan, ṣùgbọ́n gbèsè tí wọ́n jẹ kò tíì tán nílẹ̀.

Àyè tí Vietnam bá Yorùbá wá

Unicode, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991, fẹ́ kí lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà 1.1 yóò fi jáde ní ọdún 1993, ẹ àti ọ ti wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe nítorí Yorùbá. Èdè Vietnam ni ó ń lo àmì abẹ́ fáwẹ̀lì gẹ́gẹ́ bí àmì ohùn tirẹ̀. Nítorí pé ohùn ni àmì abẹ́ yẹn jẹ́ lọ́dọ̀ wọn, wọn kò nílò láti tún gbé ohùn òkè tàbí ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí. Ìdí nìyí tí ẹ fi ní nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí ẹ̀ kò fi ní in. Unicode sì ti pinnu pé òun kò ní fi irú lẹ́tà alápapọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un mọ́, nígbà tí ènìyàn ti lè fi ẹ àti àmì ohùn tí ń gun orí lẹ́tà kọ ọ́. Lẹ́tà kẹta Ìjẹ̀bú di nọ́ńbà méjì títí ayé.

Láti ibí ni púpọ̀ nínú ìyọnu tí olùkọ́ ń bá pàdé ti ń wá. Bí àmì ohùn bá fò sí ẹ̀gbẹ́ dípò kí ó jókòó sórí lẹ́tà, fọ́ńtì ni kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ kò ní àbùkù. Kí ènìyàn yí fọ́ńtì padà sí Charis SIL, Doulos SIL tàbí Gentium, tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò sì rí i pé ó tò. Bí àpótí kékeré òfìfo bá jáde, ọ̀ràn fọ́ńtì náà ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún iṣẹ́ tẹ̀. Ó tún ṣe é ṣe kí ẹnì kan kọ "è", kí ó fi àmì abẹ́ kún un, kí ẹlòmíràn kọ "ẹ", kí ó fi àmì ohùn kún un. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ẹ̀rọ wá "Ìjẹ̀bú" nínú ìwé, ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ yóò rí ọ̀kan, wọn yóò sì fo èkejì. Ó tọ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lórí ìwé kan máa lo kíbọ́ọ̀dù kan náà.

Kíbọ́ọ̀dù wọ inú Windows

Windows XP, tí ó jáde ní ọdún 2001, gba Unicode, ṣùgbọ́n Yorùbá kò sí nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù tí ó gbé wá. Microsoft fi irinṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Keyboard Layout Creator, tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣe kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀. Àwọn kan gbé ẹ, ọ àti ṣ sórí bọ́tìnnì q, x àti irú wọn tí Yorùbá kò lò. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ni, àfi bí orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ Victor! Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ African Languages Technology Initiative ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù àti lórí bí ẹ̀rọ ṣe lè gbọ́ Yorùbá. Kíbọ́ọ̀dù Konyin ní tirẹ̀ fi bọ́tìnnì gidi kún èyí tí ó wà lórí tábìlì.

Windows Vista, tí ó dé ọjà ní oṣù kìíní ọdún 2007, ni ó kọ́kọ́ ka Yorùbá, Ìgbò àti Haúsá mọ́ àwọn èdè rẹ̀. Lónìí, ènìyàn kò nílò kí ó ra nǹkan kan. Nínú Windows 10 àti 11, kí ó ṣí Settings, kí ó lọ sí Time & Language, kí ó fi Yorùbá kún àwọn èdè; bọ́tìnnì Windows àti àlàfo tí a tẹ̀ pọ̀ ni yóò máa gbé e láti Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sí Yorùbá. Àwọn tí ó dá YorubaName sílẹ̀ lábẹ́ Kọ́lá Túbọ̀sún pín kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ mìíràn fún Windows àti Mac.

Ohun kan wà tí àwọn atẹ̀wé kì í sábà fura sí. Word, bí ó bá rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni òun ń kà, yóò sọ "rí i" di "rí I" láìbéèrè, nítorí pé "i" tí ó dá dúró jẹ́ "èmi" lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí wọ́n sàmì sí gbogbo ìwé náà, kí wọ́n yan Yorùbá gẹ́gẹ́ bí èdè rẹ̀, tàbí kí wọ́n yọ ìtúnṣe yẹn kúrò nínú AutoCorrect.

Àwọn fáìlì tí ó ti há

Kíbọ́ọ̀dù tuntun kò lè gba fáìlì àtijọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìwé tí wọ́n fi fọ́ńtì ayédáadé tẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá fọ́ńtì náà fúnra rẹ̀ rí, kí ó kọ àmì kọ̀ọ̀kan àti lẹ́tà tí ó dúró fún sílẹ̀, kí ó sì máa pààrọ̀ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lórí ẹ̀dà fáìlì, kì í ṣe lórí fáìlì gan-an. Bí fọ́ńtì náà bá ti sọnù, ìwé tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà ni atọ́nà kan ṣoṣo. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí wọ́n fi ẹ̀rọ táípù tẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó tì, tí ó fi báírò sí àmì ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìgbà tí yóò fi í sílẹ̀, ṣì ṣe é kà pẹ̀lú ohùn pípé, nígbà tí dísíkẹ́ẹ̀tì ogún ọdún lẹ́yìn wọn ti dákẹ́ sínú àpótí.