Aṣọ Dókítà Eyín Lójú Ọmọ àti Lójú Òbí: Àyẹ̀wò láti Ògìdì

Ní Ògìdì, nílẹ̀ Ìjùmú, ọmọdé tètè ń mọ̀ pé aṣọ ń sọ̀rọ̀. Ìlú ahunṣọ ni. Ọmọ ibẹ̀ ni Nike Okundaye tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ àdìrẹ. Lọ́dọ̀ àwọn Bùnú, tí àwọn àti Ìjùmú jọ jẹ́ ẹ̀yà Okun, aṣọ pupa tí wọ́n ń pè ní ìpò kì í ṣe aṣọ ṣeréṣeré: aṣọ ìsìnkú àwọn àgbà pàtàkì ni. Onímọ̀ kan, Elisha Renne, kọ odidi ìwé lórí aṣọ Bùnú ní 1995.

Bí ọmọ bá wá rí kóòtù funfun dókítà eyín, tó di ìró ìyá rẹ̀ mú gírígírí, ó rọrùn láti di ẹ̀bi ru àwọ̀ funfun. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan náà ń rí aṣọ funfun lára àwọn onísùtánà lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sì sunkún. Abẹ́rẹ́ ló ń bá kóòtù yẹn rìn lọ́kàn rẹ̀. Ta ló sì so wọ́n pọ̀? Àwa òbí ni. "Bóo bá tún ṣe é, màá ní kí dókítà gún ẹ lábẹ́rẹ́!" Ilé wo la ò ti gbọ́ ọ?

Síbẹ̀, òbí yìí kan náà ni kóòtù funfun ń fi lọ́kàn balẹ̀. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀: lójú tirẹ̀, ẹni tó wọ̀ ọ́ kàwé, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́. Èrò náà ní ìtàn. Aṣọ dúdú ni àwọn dókítà Yúróòpù ń wọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ìmọ̀ nípa kòkòrò àrùn gbilẹ̀, ni funfun gbòde.

Ìwádìí láti orílẹ̀-èdè mìíràn kò fẹnu kò síbì kan. Ọ̀pọ̀ ọmọ mú kóòtù funfun. Àwọn tí ẹ̀rù ń bà gan-an a máa fẹ́ aṣọ aláràbarà. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ló ń dẹ́rù bani, ìdáhùn wọn ì bá má yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí dókítà ń wọ̀, ìbòmú ló ká mi lára jù. Dókítà eyín kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i, bẹ́ẹ̀ ni ìbọ̀wọ́, pàápàá láti ìgbà tí àrùn éèdì ti dé. Ṣùgbọ́n kò yẹ kó ti bo ojú kí ọmọ tó wọlé. Kí ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ó kí i pé "Okun o," ìkíni tí a fi ń pe gbogbo wa lórúkọ. Kí ó fi ìbòmú kan lé ọmọ lọ́wọ́, kí ìyá fi kọ́ ọ létí. Nígbà tí dókítà bá wá bo imú tirẹ̀, ọmọ ti mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ìbòmú náà.