Àfòmọ́ Ìparí Gíríìkì Nínú Orúkọ Àìsàn

Èdè Gíríìkì ló ni púpọ̀ nínú àfòmọ́ tó ń parí orúkọ àìsàn nínú ìṣègùn òyìnbó: -itis fún wíwú, -oma fún kókó tó hù sára, -algia fún ìrora, -aemia fún ohun tó kan ẹ̀jẹ̀. Àwọn ni dókítà ń kọ sínú káàdì aláìsàn, ì báà jẹ́ ní Ilé-Ogbó tàbí ní Ìbàdàn.

Wíwú kọ́ ni -itis túmọ̀ sí látilẹ̀. Nínú àwọn ìwé tí wọ́n kà sí ti Hippocrates, oníṣègùn Gíríìkì, ní nǹkan bí ọ̀rúndún karùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, “ti” lásán ni: arthritis ni àìsàn ti oríkèé, nephritis ni ti kíndìnrín. Wọn kì í tilẹ̀ pe “àìsàn” mọ́ ọn, nítorí ó ti yé olúkúlùkù. Nígbà tí Celsus kọ ìwé ìṣègùn ní èdè Látìn ní Róòmù, ó fi ọ̀pọ̀ orúkọ Gíríìkì sílẹ̀ bí ó ṣe bá wọn.

Àwọn dókítà ọ̀rúndún kejìdínlógún àti ìkọkàndínlógún ló fún -itis ní ìtumọ̀ tòní. Charles Badham sọ wíwú ọ̀nà èémí ní bronchitis ní 1808. Rudolf Virchow ní Jámánì so “funfun” pọ̀ mọ́ “ẹ̀jẹ̀”, ó fi -aemia sọ àrùn ẹ̀jẹ̀ kan ní leukaemia ní 1847. Ní 1886, Reginald Fitz ní Amẹ́ríkà fi -itis mọ́ ọ̀rọ̀ Látìn, ó di appendicitis. Láti 1948 ni wọ́n ti ń kọ́ irú orúkọ báyìí ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí ilé ìwòsàn UCH rẹ̀ ṣí ní 1957.

Yorùbá kò ní àfòmọ́ ìparí. Iwájú tàbí àárín ọ̀rọ̀ ni tirẹ̀ máa ń wà. Kò sí ohun tí a lè fi kún ìdí “ẹ̀dọ̀” kí ó di hepatitis, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìṣe ló ṣe iṣẹ́ náà: mẹ́dọ̀wú, ohun tó ń mú ẹ̀dọ̀ wú. Orúkọ yìí ṣe kedere ju ti Gíríìkì lọ, nítorí ẹni tí kò ka ìwé rí mọ ibi tí àrùn wà àti ohun tó ń ṣe níbẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn ni àrùn tí òyìnbó ń pè ní sickle cell gbà. Ní Benin àti Togo, drépanocytose ni dókítà ń kọ: dòjé, sẹ́ẹ̀lì, àti -ose, tí í ṣe àfòmọ́ Gíríìkì -osis lẹ́nu Faransé. Fòníkú-fọ̀ladìde ni Yorùbá ń pè é. Kò mẹ́nu kan dòjé tàbí ẹ̀jẹ̀. Ìrora tó ń dá aláìsàn dùbúlẹ̀ lónìí, tó sì tún ń fi í sílẹ̀ lọ́la, ló wà nínú orúkọ náà.