String onílà púpọ̀

String onílà púpọ̀ ni ọ̀rọ̀ tí ó ju ìlà kan lọ, tí ètò kọ̀ǹpútà sì kà sí ohun kan ṣoṣo. Bí ilé ìtajà kan ní Ọjà Àlàbá, ní Ọ̀jọ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, bá ń fi kọ̀ǹpútà tẹ rìsíìtì, orúkọ oníbàárà, ọjà kọ̀ọ̀kan àti àpapọ̀ owó lè wà ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí gbogbo wọn sì jọ jẹ́ string kan. Nínú ọ̀pọ̀ èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà, `\n` ni ó ń fi òpin ìlà hàn.

== Ọ̀nà ìkọ ==

Nínú Python, àmì àyọlò mẹ́ta-mẹ́ta (`"""`) ni a fi ń ṣí irú string bẹ́ẹ̀, tí a sì fi ń pa á dé. Java gba irú àmì kan náà wọlé ní pípé nínú Java 15, ní ọdún 2020. JavaScript ti ń lo `` ` `` láti ọdún 2015. Ọ̀nà wọ̀nyí dára fún ọ̀rọ̀ tí a ti mọ àwọn ìlà rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

== Kíkó ìlà jọ ==

Nínú Java àti Python, string kì í yí padà lẹ́yìn tí a bá ti dá a. Nítorí náà, bí a bá ń fi `+` lẹ ìlà mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà lè máa da gbogbo èyí tí ó wà tẹ́lẹ̀ kọ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Fún àkọsílẹ̀ ọjà oníìlà 1,000, tí ìlà kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà 50, àdàkọ náà lè tó lẹ́tà mílíọ̀nù 25, bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bí 50,000 lọ. Ohun tí ó yẹ ni kí a kọ́kọ́ kó àwọn ìlà jọ, kí a tó so wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:

`"\n".join(awon_ila)`

Nínú Java, `StringBuilder` ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí.

== Ààbò ==

Ewu wà nínú fífi ohun tí ènìyàn tẹ̀ sínú àṣẹ SQL ní tààrà. Àmì tí ó wà nínú orúkọ Sa'adatu ni SQL fi ń pa ọ̀rọ̀ dé, nítorí náà orúkọ náà nìkan tó láti ba àṣẹ jẹ́. Ọ̀nà kan náà ni ọ̀daràn lè gbà ka àkọsílẹ̀ gbèsè tàbí kí ó pa á rẹ́. Èyí ni a ń pè ní SQL injection. Ojútùú rẹ̀ ni láti ya àṣẹ sọ́tọ̀ kúrò lára dátà:

```
cur.execute("""
    SELECT oja, iye
    FROM risiti
    WHERE onibaara = ?
""", (oruko,))
```

Níhìn-ín, `?` di àyè mú. Orúkọ tí ó bá bọ́ síbẹ̀ kò lè di àṣẹ láéláé.